ÀKÍSÀ ABẸ́ ILÉ ÌṢÚRA

Ìwàásù fún àwọn ará Ìdí-Ìrókò àti gbogbo agbègbè ẹnubodè. Ẹ ka Jeremáyà 38:1–13.



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi bu ọlá fún àgbà, pé ó ti pẹ́ láyé, ojú rẹ̀ sì ti rí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í kíyè sí: ó ka àkísà mọ́ ọrọ̀. Kò wí pé àgbà ní ìdọ̀tí. Ó wí pé àgbà ní ohun kan tí owó ọmọdé kò lè rà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹrù ìyá àgbà, èyí tí ó dì sí igun yàrá, níbi tí ògbólógbòó ìró, ẹ̀wù tí ó ti ya, agolo, ìgò àti okùn gbé wà, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn? Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, inú ẹrù náà ni a ti ń fa aṣọ rírọ̀ yọ tí a ó rẹ sínú omi. Bí obìnrin bá bímọ, inú rẹ̀ ni ìlédìí ti ń jáde. Bí òjò bá sì ń jò, agolo inú rẹ̀ ni a fi ń gba omi.

Ní oṣù yìí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ ro ọ̀rọ̀ ohun àtijọ́ inú ilé, èyí tí ọgbọ́n ọwọ́ ń sọ di ohun ìlò tuntun. Ẹlòmíràn lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Alùfáà, ṣé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ orí àga ìwàásù ni èyí?” Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wòlíì Ọlọ́run kan wà tí a fa yọ nínú ẹrẹ̀ ikú, àkísà sì wà lára ohun tí a fi fà á yọ.

ÌTÀN EBEDI-MÉLÉKÌ

Ìgbà ogun ni ìgbà náà. Ogun Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, oúnjẹ sì ti ń tán nínú ìlú. Jeremáyà sọ òtítọ́ tí àwọn ìjòyè kò fẹ́ gbọ́. Nítorí náà wọ́n mú un, wọ́n sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò omi kan ní àgbàlá túbú. Kò sí omi nínú ihò náà, bí kò ṣe ẹrẹ̀, wòlíì náà sì rì sínú ẹrẹ̀. Ọba Sedekáyà gbọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè kọ ohunkóhun fún àwọn ìjòyè òun. Ẹnìkan ṣoṣo tí a kà nípa rẹ̀ pé ó dìde jẹ́ àjèjì, ará Etiópíà, ìránṣẹ́ nínú ààfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ebedi-Mélékì. Ó lọ bá ọba níbi tí ó jókòó sí ní ẹnubodè Bẹ́ńjámínì, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará Ìdí-Ìrókò, ẹ kíyè sí i: ní ẹnubodè ni a ti gba ẹjọ́ aláìṣẹ̀ náà rò.

Ọba fún un ní ọkùnrin 30. Ó ní àṣẹ, ó ní ènìyàn, ó sì ní okùn. Lójú tiwa, ohun gbogbo ti pé. Ṣùgbọ́n kò tí ì lọ sí ibi ihò náà. Ó kọ́kọ́ wọ inú ilé ọba, ó lọ sí abẹ́ ilé ìṣúra, ó sì kó àkísà àti ògbólógbòó aṣọ níbẹ̀. Ó fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ sí Jeremáyà, ó sì kọ́ ọ bí yóò ti fi wọ́n sí abíyá rẹ̀ méjèèjì, kí ó tó fi okùn sí i. Báyìí ni wọ́n fà á gòkè. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí nínú ìṣe ọkùnrin yìí.

Èkíní ni ibi tí ó ti rí àkísà náà. Òkè ni ìṣúra wà, ìsàlẹ̀ ni àkísà wà. Àwọn ọlọ́lá mọ òkè, ìránṣẹ́ ni ó mọ ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó máa ń gbálẹ̀, tí ó máa ń ru ẹrù, tí ó máa ń kó ohun tí a kò fẹ́ mọ́ lọ, òun ni ó mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà nígbà ìpọ́njú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kẹ́gàn ìmọ̀ àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé.

Èkejì ni ìdí tí ó fi kó o. Okùn nìkan tó láti fa ènìyàn yọ, ṣùgbọ́n okùn a máa gé ara, pàápàá ara ẹni tí ebi ti pa, tí ẹrẹ̀ sì ti mú. Ebedi-Mélékì ro ti abíyá wòlíì náà. Ẹni tí ó fẹ́ kí a yìn òun nìkan ì bá ti sáré dé etí ihò náà kí ogunlọ́gọ̀ lè rí i. Ẹni tí ó fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí ibi àkísà. Àánú tòótọ́ a máa ro ohun kékeré.

Ẹ̀kẹta ni pé àkísà náà kò padà di aṣọ tuntun. Kò sí ẹni tí ó fọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí ó pa á láró. Àkísà ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀tun. Ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀ lé e: láìpẹ́ ọjọ́, Jerúsálẹ́mù ṣubú, a sì kó wúrà àti fàdákà ilé Olúwa lọ sí Bábílónì. Ìṣúra tí ó wà lókè lọ. Àkísà tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó gba ènìyàn là, Ẹ̀mí Ọlọ́run sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú Ìwé Mímọ́ títí di òní.

ỌGBỌ́N TI Ó WÀ NÍ ILÉ WA

Ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Kí ìwé ìròyìn tó máa sọ ọ́ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Agolo mílíìkì tí ó ti ṣófo ni alágbẹ̀dẹ páànù fi ń ṣe àtùpà, ó sì ju ìran kan lọ tí ó kàwé lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Páànù tí ó ti gbó ni a fi ìṣó lu, tí a kàn mọ́ igi, tí a sì fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, kí ẹ̀rọ tó dé abúlé. Rọ́bà inú ẹsẹ̀ mọ́tò ni a gé tí a fi rán gúgà tí a fi ń fa omi nínú kànga. Táyà rẹ̀ ni a sì gé tí ó di bàtà àgbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn aládìrẹ ń fi ẹ̀kọ ya àrà sí aṣọ, àwọn mìíràn gé àwòrán sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ti ara àpótí ọjà òyìnbó wá, wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ náà sí aṣọ, iṣẹ́ sì yá ju ti ìyẹ́ lọ.

Kí ni èmi yóò sì wí nípa agogo? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ abúlé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ní agogo tí a rọ ní ìlú òyìnbó. Rìmù ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan, èyí tí kò lè sáré mọ́, ni a fi ṣẹ́ẹ̀nì so mọ́ ẹ̀ka igi, tí a sì ń fi irin lù. Ọkọ̀ náà ti run tipẹ́, awakọ̀ rẹ̀ lè ti kú, ṣùgbọ́n rìmù rẹ̀ ń pe àwọn ènìyàn sí ilé Ọlọ́run ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ a máa dé oko tí ó jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ka ìwé yìí ni ó jẹ́ pé láti ẹnu ohun àlòkù bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ìpè Olúwa.

KẸ́Ẹ̀GÌ ẸNUBODÈ WA

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun àlòkù ní Ìdí-Ìrókò, a kò lè ṣe aláìdárúkọ kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo wa ni ó mọ ìrìn-àjò rẹ̀. Òróró ni ó kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà. Lẹ́yìn náà ìyáálé kan fi pọn omi. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn rà á, ó rọ epo mọ́tò kún un, ó sì gbà á ní ọ̀nà igbó sí ìhà Ìgólò àti Àjàṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni owó epo fi kéré ní Nàìjíríà ju ti ilẹ̀ Benin lọ, nítorí owó tí ìjọba ń fi kún un, títí di May 2023 tí a fi òpin sí owó ìrànwọ́ náà. Èrè tí ó wà láàrín iye owó méjèèjì ni ó sọ kẹ́ẹ̀gì di irinṣẹ́ fàyàwọ́.

Àwọn tí ń ṣe òwò yìí ní ọgbọ́n búburú kan. Wọn a máa yá kẹ́ẹ̀gì náà níná kí ó lè rọ̀, kí ó sì fẹ̀, kí ó lè gba epo ju èyí tí a ṣe é fún lọ. Ikùn rẹ̀ a wú, ara rẹ̀ a di fẹ́lẹ́. A ó máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya, tàbí títí yóò fi gbiná. Nígbà náà a ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ó sì wá òmíràn.

Ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́, èyí tí a tún ń pè ní Porto-Novo, wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tí a sọ nù wọ̀nyí, ó sì rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò rí. Orúkọ rẹ̀ ni Romuald Hazoumè; ní ìlú náà ni a bí i ní 1962, ìran Yorùbá sì ni í ṣe. Ó rí i pé ẹnu kẹ́ẹ̀gì jọ ẹnu ènìyàn, pé ibi tí a fi ń dì í mú jọ imú. Ó gé e, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì di ojú ènìyàn. Láàrín 1997 sí 2005 ó ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí ó pè ní La Bouche du Roi, orúkọ ibì kan ní etíkun ilẹ̀ Benin. Ojú 304 ni ó fi kẹ́ẹ̀gì ṣe, ó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti to ẹrú sínú ọkọ̀ Brookes ti Liverpool, ọkọ̀ tí àwọn tí ń jà kí òwò ẹrú lè parí ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ káàkiri ní nǹkan bí 1789, kí ojú lè ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2007, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà, a gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti rà á. Kẹ́ẹ̀gì tí ó jọ èyí tí a ń gbé gba inú igbó wa kọjá dé ibi tí àwọn ọlọ́lá ayé gbé dúró níwájú rẹ̀ tí wọn kò lè sọ̀rọ̀.

Kí ni ọkùnrin náà ń wí? Ohun tí mo gbọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí: bí a ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ni a ti ń ṣe ènìyàn. A fi iná fẹ̀ ẹ́, a di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú, a sì sọ ọ́ nù nígbà tí ó bá ya. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí àwọn baba wa tí a kó gba etíkun lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a sì ń ṣe sí ọmọkùnrin tí a gbé sórí alùpùpù lóru, tí a di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, tí a sì wí fún un pé kí ó má ṣe dúró bí wọ́n bá dá a dúró? Bí iná bá sọ, ta ni ó jóná? Kì í ṣe ẹni tí ó ni owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, nítorí mo mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àti pé owó irú òwò bẹ́ẹ̀ lè ti wọ inú àwo ọrẹ rí. Ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì rẹ, ìwọ arákùnrin mi.

A kò gbàgbé pé ìpọ́njú wà. Ní August 2019 ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀. Ní November ọdún náà a sì dá gbígbé epo lọ sí àwọn ilé epo tí kò tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè dúró. Ó di April 2022 kí a tó pàṣẹ pé kí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò tún ṣí. Oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jìyà pẹ̀lú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀dọ́ tí ó ní agbára jókòó láìníṣẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń wàásù pé kí a wá iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe nínú ohun tí ó wà nílẹ̀.

OHUN KAN NÁÀ, Ọ̀NÀ MÉJÌ

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ: kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá sọ ohun àtijọ́ di òmíràn ni inú Ọlọ́run ń dùn. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 32, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bọ́ yẹtí wúrà kúrò ní etí àwọn aya àti ọmọ wọn, Áárónì sì sọ ọ́ di ère ẹgbọrọ màlúù. Ní orí 38 ìwé kan náà, àwọn obìnrin tí ń sìn ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ fi dígí idẹ wọn sílẹ̀, Besaléélì sì fi wọ́n ṣe agbada ìwẹ̀, níbi tí àwọn àlùfáà ti ń wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó súnmọ́ pẹpẹ. Ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé ni méjèèjì. Ọ̀kan di òrìṣà, èkejì di ohun ìwẹ̀nùmọ́. Dígí tí obìnrin fi ń wo ẹwà ojú ara rẹ̀ di ibi tí a ti ń wẹ ìdọ̀tí kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn arábìnrin wa ro èyí lọ sí ilé.

Ẹ rántí àwọn ará Gíbéónì pẹ̀lú, nínú Jóṣúà orí 9. Wọ́n kó ògbólógbòó àpò, ìgò awọ tí a ti rán, bàtà tí a ti lẹ̀, aṣọ tí ó ti gbó àti oúnjẹ tí ó ti bu, wọ́n sì fi tan Ísírẹ́lì jẹ pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Àkísà Ebedi-Mélékì gba ènìyàn là. Àkísà Gíbéónì gbé irọ́ ró. Ẹni tí ó bá kun ohun tí ó ti bàjẹ́ ní ọ̀dà, tí ó sì tà á fún aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni pé tuntun ni, ọmọ Gíbéónì ni í ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú èyí tí ó dára, láti inú ìjọ Áńgílíkà pàápàá. Ní ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì ogun abẹ́lé jà láti 1977 títí di 1992. Nígbà tí ogun parí, ìbọn kún inú ilé àti inú ilẹ̀, bí ìkòkò àti abọ́ ti ń kún ilé wa. Ní 1995 Bíṣọ́ọ̀bù Dinis Sengulane ti díósíìsì Lebombo dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ Kristi ilẹ̀ náà: ẹni tí ó bá mú ìbọn wá yóò gba ọkọ́, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí kẹ̀kẹ́. A gé àwọn ìbọn náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà pa ènìyàn mọ́, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì fi wọ́n ṣe àga, ẹyẹ àti igi. Wòlíì Aísáyà ti rí ọjọ́ tí idà yóò di irinṣẹ́ oko. Bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà kan kò jókòó láti dúró de ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌKÌLỌ̀

Níwọ̀n bí mo ti ń gbà yín níyànjú, ó tọ́ kí n kìlọ̀ fún yín pẹ̀lú, nítorí ìtara láìsí ìmọ̀ a máa pa ènìyàn.

Kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi gbé epo mọ́tò rí kò gbọdọ̀ gba omi mímu tàbí epo pupa mọ́, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó; epo náà ti wọ ara rẹ̀, a kò sì lè fi ọṣẹ mú un kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò àti agolo tí oògùn kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ mu omi nínú wọn láé. Bátìrì mọ́tò tí ó ti kú, ẹ má ṣe fọ́ ọ ní àgbàlá ilé, ẹ má sì ṣe yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná. Májèlé ni òjé, a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ kí àmì rẹ̀ tó hàn. Táyà àti ọ̀rá tí a kò rí ohun fi ṣe, ẹ má ṣe sun wọ́n nítòsí ilé, nítorí èéfín wọn kò dára fún àyà.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Ẹ má ṣe fi ìwàásù yìí ṣe àwáwí láti máa fún Ọlọ́run ní ohun tí ó ti bàjẹ́. Wòlíì Málákì bá àwọn tí ń mú ẹran arọ àti ẹran afọ́jú wá sí pẹpẹ wí. Bí a bá fún tálákà ní aṣọ wa àtijọ́, kí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí a rán ibi tí ó ya, kí a sì fi bọ́tìnnì sí i. Ebedi-Mélékì kò ju àkísà sí Jeremáyà lórí. Ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

KÒ SÍ ÈNÌYÀN FÚN ÀÀTÀN

Ẹ̀yin olùfẹ́, gbogbo ohun tí mo ti ń wí láti òkè wá, ó ń sá bọ̀ wá sí ibi kan yìí. Ọlọ́run tí ó pàṣẹ, nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 6, pé kí a ṣa àjẹkù àkàrà márùn-ún jọ kí ohunkóhun má baà ṣòfò, báwo ni yóò ti jẹ́ kí ènìyàn ṣòfò? Agbọ̀n 12 ni wọ́n ṣà jọ. Ẹni tí ó ka èérún àkàrà sí, ó ka ìwọ náà sí.

Ní 1821 a kó ọmọdékùnrin kan ní ìlú Òṣogùn. A fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò wù wọ́n, a dá a padà. Lẹ́yìn náà a tún fi í pààrọ̀ tábà àti ọtí. Lójú àwọn tí ń tà á, ohun àlòkù ni, tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní April 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun, a sì gbé e lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1864, ní Canterbury, a fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí a fi jẹ ẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Bíbélì tí a ń kà lónìí sì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá lè fi ọmọ tí a fi ọtí rà ṣe èyí, ta ni ìwọ tí ìwọ yóò wí fún ọmọ rẹ pé, “Ìwọ kò wúlò”?

Mo ń rò ó nípa àwọn àgbà tí ó dá jókòó nínú ilé wa. Mo ń ro obìnrin kan nínú ọkàn mi tí ọmọ rẹ̀ ti ìlú ńlá dé, tí ó fẹ́ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dà sí ààtàn. Ọmọ náà wí pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n kó àwọn pàǹtí yìí dànù, kí yàrá yín lè mọ́.” Ìyá dáhùn pé, “Ọmọ mi, ìró tí mo fi pọ̀n ọ́ wà níbẹ̀. Bí o bá dà á nù, kò burú. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ bi mí léèrè.” Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Nígbà mìíràn ohun tí a ń pè ní pàǹtí ni ẹ̀rí ìfẹ́ tí a fi tọ́ wa. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a gbé ẹrù sọnù kí a sì gbé ẹlẹ́rù sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Àgbà tí a kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, tí a gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún bí ẹni gbé e fún àlejò, ìsàlẹ̀ ilé ìṣúra ni a fi í sí. Lọ bá a níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àdúrà rẹ̀ ni yóò fà ọ́ yọ.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí gbé wà jù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí olúkúlùkù mú ohun kan tí a ti jù sílẹ̀ ní ilé wá, kí ó sì sọ ohun tí ó lè dà. Ìgò ọ̀rá tí a gé sí méjì lè gba ilẹ̀ díẹ̀ àti irúgbìn ẹ̀fọ́ tàbí ata. Bébà ìwé ìròyìn lè di ìlẹ̀kẹ̀. Ìdérí ìgò lè di ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò. Ẹ yin ọmọ tí ó ṣe é dáradára, pàápàá ọmọ tí ìwé kò tètè yé. Ó lè jẹ́ pé ní ọwọ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí, bí ó ti fi í sí ọwọ́ Besaléélì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹ rántí Dọ́káàsì, ẹni tí àwọn opó fi ẹkún hàn Pétérù ní ẹ̀wù tí ó rán fún wọn. Ẹ jọ kó aṣọ àtijọ́ jọ, kí ẹ rán an pọ̀ di ìbora fún àwọn abiyamọ tí kò ní. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, aránṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà, ajórin-mọ́rin, ẹ gba ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ láti kọ́ iṣẹ́, pàápàá ẹni tí ó fẹ́ kúrò nínú fàyàwọ́. Ọ̀dọ́ náà ti mọ bí a ti ń di ẹrù, ó mọ ọ̀nà, kò bẹ̀rù iṣẹ́ òru. Agbára kan náà ni. A fẹ́ kí ó yí ọ̀nà padà ni.

Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ agogo ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, bí ó bá ṣe rìmù ọkọ̀ ni, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ó ti rin ọ̀nà púpọ̀, ó ti ru ẹrù púpọ̀, a ti sọ ọ́ nù rí. Nísinsin yìí ó dúró ní ibì kan, ó sì ń pe àwọn ẹlòmíràn wọlé.

Kí Olúwa, ẹni tí kò kẹ́gàn ìkòkò tí ó bàjẹ́ ní ọwọ́ amọ̀kòkò, ṣùgbọ́n tí ó tún un mọ, tún gbogbo wa mọ. Kí ó fún wa ní ojú láti rí ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀, àti ọkàn tí ń ro ti abíyá ẹni tí ó wà nínú ihò. Kí ó bojú wo ẹnubodè wa, àwọn tí ń wọlé àti àwọn tí ń jáde, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ṣòfò. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa, òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ sílẹ̀, tí ó di pàtàkì igun ilé. Àmín.